Mo ń kó gbogbo káàdì tó ṣíjú, kí ló dé tí bàbá onílé ṣì ń borí mi?

Lẹ́tà yìí dé láti Agbowó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ ọ́ ní kí n má dárúkọ òun. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà:

"Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Tí iná bá ti lọ lálẹ́, èmi àti bàbá onílé wa máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó tan tọ́ọ̀ṣì, a ó máa ta wísìtì ẹlẹ́ni méjì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí a ti ta á lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo borí. Ohun tó ń ká mi lára ni pé èmi ni mo sábà máa ń kó jù ní apá kìíní. Káàdì yòówù tó bá ṣíjú, mo máa ń rí i pé mo gbà á. Ṣùgbọ́n tí a bá dé apá kejì, ńṣe ni baba á kàn máa kó mi lọ. Ṣé orí wọn ló gbé wọn ju tèmi lọ ni? Báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ bóyá káàdì tó dojúdé sàn ju èyí tó ṣíjú lọ?"

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí ohun tó ń ṣe ọ́ yìí gan-an ló ṣe èmi náà fún ọdún mẹ́ta kí ojú mi tó là.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orí kúrò nílẹ̀. O mọ bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ṣe rí: èso mẹ́jọ lórí ẹ̀wọ̀n kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, tí o sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹjọ, 256 ni wàá bá, iye odù Ifá gan-an. Ìgbà mọ́kànlá tí ẹ ta káàdì náà kò yàtọ̀ sí i: lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá ìwọ borí, bóyá baba borí. Sọ 1 di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ó di 2,048. Ká ní ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ ọ́n ta dọ́gba, kò sí èyí tó sún mọ́ ṣíṣẹlẹ̀ ju ìkejì lọ nínú 2,048 yẹn. Nínú wọn, 55 ni baba ti borí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án géérégé, 11 ni wọ́n ti borí lẹ́ẹ̀mẹwàá, 1 ni wọ́n ti borí ní gbogbo mọ́kànlá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 67. Ìyẹn lé díẹ̀ ní 3 nínú 100. Ó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè gbà pé orí lásán ni. Nǹkan kan wà tí baba mọ̀ tí ìwọ kò tíì mọ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: òyìnbó ń pè é ní German Whist. Káàdì 52 ni, kò sí jókà níbẹ̀, àsì ló ga jù, 2 ló kéré jù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba 13, 26 tó kù di òkìtì (iye àjà Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, bí mo ṣe máa ń rántí rẹ̀ nìyẹn). A ó ṣí èyí tó wà lókè òkìtì náà, ìdílé tó bá sì ti wá ni yóò jọba títí eré á fi parí. Sípéèdì, háàtì, dáyámọ́ńdì àti kílọ́ọ̀bù ni mò ń pè ní ìdílé. Ní Ìbàdàn a kò ní ìdílé ọba. Ìlà Ọ̀tún àti ìlà Balógun ni àwọn ìjòyè wa ń gùn dé orí ìtẹ́ Olúbàdàn. Nínú káàdì ṣá, ìdílé kan máa ń jọba lórí mẹ́ta yòókù, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ sì lè gé àsì wọn. Ẹnì kan á jù, ẹnì kejì á fi káàdì ìdílé kan náà dá a lóhùn bó bá ní in. Bí kò bá ní in, ó lè fi ìdílé ọba gé e, ó sì lè ju èyí tó bá wù ú dànù. Káàdì méjì tó bọ́ sílẹ̀ yìí ni mò ń pè ní ìkó kan. Ní apá kìíní, ẹni tó bá borí ìkó á mú káàdì tó ṣíjú lórí òkìtì. Ẹnì kejì á mú èyí tó dojúdé lábẹ́ rẹ̀, kò ní fi hàn. A ó tún ṣí òmíràn, ẹni tó borí ni yóò kọ́kọ́ jù. Lẹ́yìn ìkó 13, òkìtì ti tán. Apá kejì á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàdì 13 tó wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìkó apá kejì yìí nìkan la sì ń kà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ní 7 ti borí.

Àbúrò, tún gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Ìkó apá kìíní kò já mọ́ nǹkan kan. O lè kó gbogbo mẹ́tàlá, kí o má rí ẹyọ kan fi hàn nígbà tí a bá ń ka iye.

Mo rò pé Whot ló kọ́ ọ ní àṣà yìí. Gbogbo wa la fi Whot dàgbà. Níbẹ̀, káàdì ńlá tó bá kù sọ́wọ́ ẹni gbèsè ni, torí iye orí rẹ̀ ni wọ́n máa kà síni lọ́rùn, nítorí náà a máa ń tètè lé e jáde. Nínú wísìtì, ọjà ni apá kìíní. Káàdì tí o bá jù lowó tí o ná, káàdì tí o bá mú lẹrù tí o rà. Kò sí ìyálé ilé tó máa lọ sí Bódìjà, tó máa fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ra ata ẹgbẹ̀ta, tó wá ń yọ̀ pé òun ló ra gbogbo ata tó wà lórí àtẹ. Ohun tí ìwọ ń ṣe nìyẹn. O ń fi àsì ra 9.

Wo ọwọ́ kan tí mo tò sórí tábìlì kí n tó jókòó kọ èyí. Sípéèdì 7 ló ṣíjú, sípéèdì jọba. Ọwọ́ rẹ rèé: kíǹgì àti 4 nínú sípéèdì, àsì, jáàkì, 6 àti 3 nínú háàtì, kuíìnì, jáàkì, 8 àti 2 nínú dáyámọ́ńdì, kíǹgì, 10 àti 5 nínú kílọ́ọ̀bù. Baba ló kọ́kọ́ jù, wọ́n ju 9 dáyámọ́ńdì.

Ṣé kí o jà fún sípéèdì 7? Káàdì 14 lo ti rí: 13 tìrẹ àti èyí tó ṣíjú. 38 ni o kò tíì rí kí baba tó jù, èyí tó dojúdé sì wà lára wọn. Mélòó nínú 38 yẹn ló sàn ju sípéèdì 7? Sípéèdì tó ga jù ú tí kò sí lọ́wọ́ rẹ jẹ́ mẹ́fà: àsì, kuíìnì, jáàkì, 10, 9 àti 8. Bí o bá fẹ́, fi àsì dáyámọ́ńdì àti àsì kílọ́ọ̀bù kún un, ó di 8. 8 nínú 38 jẹ́ nǹkan bíi 21 nínú 100. Nítorí náà, èyí tó ṣíjú ló sàn, nǹkan bí ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún. Jà fún un, ṣùgbọ́n fi owó tó kéré jù jà. 8 rẹ kò tó, jáàkì tó, kuíìnì pọ̀ jù. Ju jáàkì. O ti fi jáàkì ìdílé lásán ra 7 ìdílé ọba, ọjà gidi nìyẹn.

Wọ́n ṣí òmíràn: 9 háàtì. Ìwọ lo máa jù báyìí. Mo mọ ohun tí wàá ṣe, àbúrò. Wàá ju àsì háàtì, wàá kó 9, ara rẹ á yá gágá.

Dá ọwọ́ dúró, kà á. Káàdì tí o kò tíì rí ti di 36. Sípéèdì mẹ́wàá wà nínú wọn, èmi sì máa ń ka gbogbo ìdílé ọba sí èyí tó sàn ju 9 ìdílé lásán, títí dé orí 2 rẹ̀, nítorí agbára ìgé tó ní. Láti 10 sókè nínú háàtì, mẹ́ta ló kù níta: kíǹgì, kuíìnì, 10. Dáyámọ́ńdì mẹ́ta: àsì, kíǹgì, 10. Kílọ́ọ̀bù mẹ́ta: àsì, kuíìnì, jáàkì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 19. Ẹyọ kan bá 9 háàtì dọ́gba, ìyẹn 9 kílọ́ọ̀bù. Àwọn tó kéré jẹ́ 16. 19 nínú 36: èyí tó dojúdé ló súnmọ́ àtisàn jù! Ọ̀fẹ́ lo sì máa rí i gbà, àsì rẹ á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ju dáyámọ́ńdì 2. Bí baba bá ní dáyámọ́ńdì èyíkéyìí, dandan ni kí wọ́n fi borí, wọn ì báà fẹ́ ì báà kọ̀, wọ́n á sì gbé 9 náà lọ. Dáyámọ́ńdì mẹ́jọ ni o kò mọ ibi tó wà. Ìṣeéṣe pé kò sí ẹyọ kan lọ́wọ́ baba kò tó 2 nínú 100.

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ kejì nìyẹn. O kò lè mọ káàdì tó dojúdé, ṣùgbọ́n o mọ inú agbo tó ti wá. Ka agbo náà: mélòó ló sàn ju èyí tó ṣíjú, mélòó ni kò tó o. Lẹ́yìn náà bi ara rẹ pé kí ni wàá ná láti borí. Bí èyí tó ṣíjú bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tó dojúdé, má ná káàdì ńlá kankan. Bó bá jẹ́ 4 ìdílé lásán, sá fún un. Ìdílé ọba nìkan, tàbí àsì àti kíǹgì, ni mo máa ń ná owó gidi lé lórí.

Láti ibí yìí ni mo ti wá mọ iyì káàdì kékeré. Nígbà tí mo ṣì ń ta bíi tìrẹ, 2 àti 3 ni mo máa ń kọ́kọ́ jù dànù nígbà tí n kò bá ní ìdílé tí wọ́n jù. Àṣìṣe ńlá ni. Ní apá kìíní, 2 ni kọ́kọ́rọ́ tí o fi ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ nígbà tí o kò bá fẹ́ káàdì tó ṣíjú. Ẹni tí àsì àti kíǹgì nìkan kún ọwọ́ rẹ̀ kò lè pàdánù ìkó nígbà tó bá fẹ́ pàdánù. Tipátipá ló máa fi wọ́n ra 4, 5, 6, tí gbogbo ọlá rẹ̀ á fi tán kí apá kejì tó bẹ̀rẹ̀. Bí apá kìíní bá ṣe ń lọ sópin ni o lè máa jẹ́ kí àwọn kékeré náà lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó jọ ọ́: kíǹgì tí àsì rẹ̀ kò tíì jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bẹ̀rù láti jù ú. Nínú ọwọ́ tí a mú ṣe àpẹẹrẹ, kíǹgì kílọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ, àsì rẹ̀ wà níta. Nínú káàdì 36 tí o kò rí, 13 ló wà lọ́wọ́ baba, 23 wà nínú òkìtì. Ìyẹn ni pé àsì náà wà lọ́wọ́ wọn ní nǹkan bíi 36 nínú 100 péré. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kíǹgì rẹ lágbára ju bí o ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n òkìtì ń dín kù, ọwọ́ baba kì í dín kù. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ta ìkó kẹsàn-án, 22 ni o kò tíì rí, 13 lọ́wọ́ wọn, 9 nínú òkìtì. Ó ti di 59 nínú 100. Kíǹgì kan náà ni, àsì kan náà ni, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ ti pọ̀ sí i.

Níbi tí ọgbọ́n wà ni kí o máa yọ ohun tí o mọ̀ kúrò nínú ìṣirò. Gbogbo káàdì tí baba bá mú ní ìṣíjú, o rí i. Bí wọ́n bá mú mẹ́rin bẹ́ẹ̀ tí wọn kò tíì jù wọ́n, mẹ́rin yẹn kì í ṣe àdììtú mọ́. Káàdì tó ṣókùnkùn lọ́wọ́ wọn di 9, èyí tó wà nínú òkìtì 9, àsì tí o ń wá sì di ìdajì-ìdajì. Ó yẹ kí o rí ìyà tí àṣà rẹ ń fi jẹ ọ́ báyìí: ìwọ tó ń mú gbogbo èyí tó ṣíjú, gbogbo ohun tó wọ ọwọ́ rẹ ni baba ti fojú rí. Àwọn ń mú èyí tó dojúdé, ìwọ kò mọ̀ ọ́n. Kí apá kìíní tó dé ìdajì, wọ́n ti ń ka ọwọ́ rẹ bí ẹni ń ka ìwé.

Ìṣe wọn náà ń sọ̀rọ̀. Bí kuíìnì sípéèdì bá ṣíjú, tí o ju kíǹgì kílọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì fi 6 kílọ́ọ̀bù dá ọ lóhùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àsì kílọ́ọ̀bù kò sí lọ́wọ́ wọn. Ta ló máa ní i tí kò ní fi gba kuíìnì ìdílé ọba? Má fi ìṣirò 36 nínú 100 rọ́pò ohun tí ojú rẹ rí.

Apá kejì wá ńkọ́? Níbẹ̀ ni baba ti ń nà ọ́, ibẹ̀ sì ni oríire kò ti ní iṣẹ́ kankan. Rò ó wò. Nígbà tí òkìtì bá tán, káàdì 26 ti jáde lójú ẹ̀yin méjèèjì. 13 wà lọ́wọ́ rẹ. 13 tó kù nínú 52, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè wà ju ọwọ́ baba lọ. Bí o bá rántí ohun tó jáde, o mọ ọwọ́ wọn tán, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ti di ayò ọlọ́pọ́n: ojúlé 12, ọmọ ayò 48, gbogbo rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú ẹni méjèèjì. Àwọn àgbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi kì í sọ pé orí ló jẹ́ kí wọ́n jẹ, wọ́n ń kà á ni. Mo gbà gbọ́ pé bàbá onílé yín ń ka káàdì bí wọ́n ṣe ń ka ọmọ ayò.

Wo ìyàtọ̀ tí ìmọ̀ yẹn ń mú wá. Ó ku káàdì mẹ́ta-mẹ́ta, sípéèdì ló jọba, ìwọ lo máa jù. O ní jáàkì sípéèdì, àsì háàtì àti 5 háàtì. Baba ní 9 sípéèdì, kíǹgì háàtì àti 8 kílọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò mọ ọwọ́ baba lè ju 5 háàtì láti dán wọn wò. Kíǹgì á gbé e, wọ́n á ju 8 kílọ́ọ̀bù, bó o bá fi jáàkì gé e, 9 sípéèdì wọn á gé àsì rẹ. Ìkó kan ṣoṣo ni wàá rí. Ẹni tó bá ju àsì háàtì, tó tún tẹ̀ lé e pẹ̀lú 5, á rí méjì, torí wọ́n á fi 9 sípéèdì gé 5 náà. Ẹni tó bá mọ̀ pé 9 yẹn ni ìdílé ọba kan ṣoṣo tó kù sọ́wọ́ wọn á ju jáàkì sípéèdì fà á jáde, lẹ́yìn náà àsì á mú kíǹgì, 5 háàtì á sì jókòó lórí 8 kílọ́ọ̀bù tí kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Mẹ́ta. Káàdì kan náà, ọwọ́ kan náà, 1 tàbí 2 tàbí 3. Bí iye bá ti di 5 sí 5 kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹni tó bá rí 1 ti pàdánù.

Wàá ní báwo lòun ṣe máa rántí káàdì 26. Má gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀nà tí káàdì 13 fi lè wọ ọwọ́ èèyàn látinú 52 jẹ́ 635,013,559,600, kò sẹ́ni tó ń há irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sórí; kíkà là ń kà á. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ìdílé ọba nìkan ni kí o máa kà. 13 ni wọ́n. Yọ tìrẹ, yọ èyí tó jáde, kí o sì mọ iye tó kù ní gbogbo ìgbà, kódà bí ìyàwó baba bá gbé ẹ̀pà wá tí ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, fi àsì àti kíǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún un. Lẹ́yìn náà, máa kíyè sí ìdílé tí baba kò ní: ọjọ́ tí wọn kò bá lè dá ọ lóhùn nínú kílọ́ọ̀bù, fi sọ́kàn, kí o sì máa wò ó bóyá wọ́n tún mú kílọ́ọ̀bù kan látinú òkìtì. Ní tèmi, oṣù méjì ló gbà mí kí n tó lè dé apá kejì láìsí káàdì kan tó ṣókùnkùn sí mi, mo sì ṣì máa ń ṣì í tí ó bá rẹ̀ mí.

Ìkó kẹtàlá ní àfikún tirẹ̀. Káàdì méjì péré ló kù nínú òkìtì, ọ̀kan ṣíjú, ọ̀kan dojúdé. Ẹni tó bá kó o ni yóò kọ́kọ́ jù ní apá kejì, o sì rí nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn ohun tí ẹni tó ń kọ́kọ́ jù lè ṣe. 14 ni o kò tíì rí. Bí o bá mọ márùn-ún lára tọwọ́ baba, ó ku 9, ọ̀kan nínú 9 yẹn ló dojúdé. Bí méjì péré nínú wọn bá sàn ju èyí tó ṣíjú, 2 nínú 9 ni. Níbẹ̀, mo lè ná kíǹgì láìbojú wẹ̀yìn, bí ọwọ́ mi bá fẹ́ kí n kọ́kọ́ jù.

Bí ẹ bá tún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí 9 ìdílé lásán bá ṣíjú, tí o sì ju 2 síbi tí o ti máa ń ju àsì tẹ́lẹ̀, baba á gbé ojú sókè wò ọ́. Má sọ nǹkan kan. Wo káàdì tí wọ́n máa fi borí 2 náà: bó bá jẹ́ káàdì ńlá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kékeré ti tán lọ́wọ́ wọn nínú ìdílé yẹn.